Èérún Irin Kì Í Purọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí Irin Ṣe Ń Fá Tí Ó sì Ń Ká Lẹ́nu Ọ̀bẹ Ẹ̀rọ

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lé orí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbá dà sẹ́yìn ilé láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun náà ni èérún irin tí ó máa ń já bọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ léètì, bí èérún pákó ṣe máa ń já bọ́ lábẹ́ ọwọ́ káfíńtà.

Àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ irin láàárín wa lè bi wá pé, "Èwo ló kàn wá nínú èérún?" Ó kàn yín púpọ̀. Owó tí ẹgbẹ́ bá yá oníṣẹ́ kan, owó gbogbo wa ni. Bí ẹ̀rọ tí a fi owó náà rà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, owó á padà wálé pẹ̀lú èlé. Bí ó bá ń ba iṣẹ́ jẹ́, àwọn onídùúró ni yóò kọ́kọ́ fi orí fá a. Nítorí náà, ó yẹ kí ọmọ ìgbìmọ̀ tí a rán lọ wo ibi iṣẹ́ mọ ohun tí yóò fi ojú wá.

OHUN TÍ Ó GBÉ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ WÁ

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà tí oṣù mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀ láìsan nǹkan kan nínú owó tí ó fi ra ẹ̀rọ léètì. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé ó ti kó owó ẹgbẹ́ jẹ. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì kò lè sùn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A ní kí a kọ́kọ́ fi ojú ara wa rí ibi iṣẹ́ náà.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bá arákùnrin wa nídìí ẹ̀rọ, òógùn bò ó. Kò sá fún iṣẹ́ rárá. Àwọn ọ̀pá irin tí ó ti fá wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn oníbàárà ti dá púpọ̀ padà nínú wọn, ó sì di dandan kí ó fi irin tuntun rọ́pò wọn. Owó tí ì bá fi san ẹ̀yáwó, irin ni ó fi ń rà.

Bàbá kan wà láàárín wa tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá kò béèrè ìwé ìṣirò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa èérún díẹ̀, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ó wo orí ọ̀bẹ tí ó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ idẹ ni o kọ́ níbẹ̀rẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ẹnu ya arákùnrin wa. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ta ló sọ fún yín?" Bàbá ní, "Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Èérún àti ọ̀bẹ ló sọ ọ́."

Báwo ni èérún ṣe ń sọ̀rọ̀? Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí nìyẹn.

IRIN KÌ Í LÀ BÍ IGI ÌDÁNÁ

Bí a bá fi àáké la igi, ojú ibi tí igi ti là máa ń sáré ṣíwájú ẹnu àáké. Igi ti là kí àáké tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ ṣe ń gé irin. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ní nǹkan bí ọdún 1900 àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá kan ní Yúróòpù ṣì ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gbẹ́ni Mallock ti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1881.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n yanjú rẹ̀. Ká ní ọ̀pá irin kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 50 mìlímítà. Bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tí ẹnu ọ̀bẹ rìn lára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 157 mìlímítà. Ká tún ní ọ̀bẹ ń rìn síwájú ní 0.2 mìlímítà ní yíyí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé irin kàn ń là ni, èérún tí yíyí kan bá mú jáde ì bá gùn tó 157, ì bá sì nípọn tó 0.2. Ṣùgbọ́n ẹ wọn èérún irin rírọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mild steel. Ẹ lè rí i pé ó nípọn tó 0.4 mìlímítà, tí gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 78 lọ. Irin kankan kò sọnù o. Ó kúrú ni, ó sì nípọn sí i.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ọ̀bẹ kì í la irin. Ó ń tì í ni. Irin tí ó wà níwájú ẹnu ọ̀bẹ á máa fún mọ́ra, á máa fún mọ́ra, títí yóò fi dé ibi tí kò lè gbà á mọ́. Nígbà náà ni yóò yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí ara rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Bí ìpele kan ti yọ̀ lọ sókè ni òmíràn ń tẹ̀lé e, kíákíá, láìdúró. Àwọn ìpele wọ̀nyí tí wọ́n yọ̀ lé ara wọn lórí ni a ń pè ní èérún.

Ní 1937, ọmọ ilẹ̀ Fínláńdì kan tí ń jẹ́ Väinö Piispanen fi í wé káàdì tí a to pọ̀. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ to káàdì pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sì fi ọwọ́ tì wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Káàdì kọ̀ọ̀kan á yọ̀ díẹ̀ lórí èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn á sì jọ gun òkè lọ. Láàárín ọdún 1940 sí 1945, Eugene Merchant ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò kún ọ̀rọ̀ náà, kí oníṣẹ́ lè mọ agbára tí ẹ̀rọ yóò lò.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÈÉRÚN FI Ń KÁ?

Ẹ mú èérún irin rírọ̀ kan tí ó ti tutù, kí ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wò. Ẹ̀gbẹ́ kan á máa dán bíi dígí. Ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣú, á sì há ọwọ́ bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó. Èyí tí ó ń dán ni ó fi ara ha ojú ọ̀bẹ bí ó ti ń kọjá. Èyí tí ó há ọwọ́ ni ibi tí etí àwọn ìpele tí ó yọ̀ lé ara wọn ti hàn síta.

Wàyí o, èwo nínú méjèèjì ni ó wà ní òde ibi tí èérún ti ká? Èyí tí ó ń dán ni. Ìdáhùn ìbéèrè wa wà níbẹ̀. Nígbà tí èérún ń gun ojú ọ̀bẹ kọjá, ooru àti ìfúnmọ́ra máa ń mú kí awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ìyókù ń lọ, awọ ìsàlẹ̀ ń fà sẹ́yìn, ó sì ń nà. Ẹ̀gbẹ́ tí ó nà á gùn ju ẹ̀gbẹ́ tí kò nà. Ohunkóhun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá gùn ju èkejì lọ kò lè dúró gbọọrọ. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí apá tí ó kúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ewúrẹ́ tí a sá sí oòrùn ṣe máa ń ká sí apá tí ó kọ́kọ́ súnkì.

Títẹ̀ mìíràn tún wà, èyí tí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ronú àwọn ènìyàn tí wọ́n tò ní ìlà kan tí wọ́n ń jó yí agbo ká. Ẹni tí ó wà ní òde á fẹsẹ̀ yá ju ẹni tí ó wà ní inú lọ kí ìlà má baà já. Bẹ́ẹ̀ ni òde ọ̀pá irin ṣe ń sáré ju inú rẹ̀ lọ. Etí èérún kan ń yára ju èkejì, ó sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí títẹ̀ sókè àti títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bá pàdé, èérún á yí bíi sípíríǹgì tí a rí lábẹ́ àga.

Kí ni yóò mú kí èérún ṣẹ́? Èérún tín-ín-rín dà bí ewé àgbàdo tútù: ẹ lè ká a títí, kò ní ṣẹ́. Èérún tí ó nípọn dà bí ọparun gbígbẹ: bí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, á dún pá, á sì ṣẹ́. Nítorí èyí, bí ọ̀bẹ bá ń rìn síwájú díẹ̀ sí i ní yíyí kọ̀ọ̀kan, èérún á nípọn, á sì rọrùn láti ṣẹ́. Ọ̀nà kejì ni pé kí a gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí ọ̀bẹ lẹ́yìn ẹnu rẹ̀, tàbí kí a fi irin kékeré kan dí i lọ́nà níbẹ̀. Bí èérún bá kọ lu ìdènà yìí, á ká kíkankíkan ju bí ó ti fẹ́ lọ, á sì ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí òǹkà 6 tàbí 9.

IRÚ ÈÉRÚN MẸ́TA

Ní 1938, Hans Ernst ní Amẹ́ríkà pín èérún sí irú mẹ́ta. Ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ owó.

Èkíní ni èyí tí ó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Irin dídà, tí a ń pè ní cast iron, máa ń fọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí kò lè nà. Idẹ tí a fi òjé díẹ̀ sí náà máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí èérún gààrí. Lára àwọn wọ̀nyí, kò sí àléébù nínú rẹ̀.

Èkejì ni èyí tí ó gùn láìjá, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ń dán. Irin rírọ̀ àti alumíníọ̀mù máa ń ṣe èyí bí ọ̀bẹ bá mú, tí orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí eré ẹ̀rọ sì tó. Ara iṣẹ́ á jọ̀lọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó gùn, ṣùgbọ́n tí irin ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ lábẹ́ rẹ̀. Èyí ni ọ̀tá. Bí eré ẹ̀rọ bá kéré, tí orí ọ̀bẹ sì tẹ́jú, ẹyọ irin kékeré á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ. Òmíràn á lẹ̀ mọ́ ọn lórí, yóò sì le ju irin tí a ń gé lọ. Irin tí ó lẹ̀ yìí ni ó wá ń gé irin, kì í ṣe ọ̀bẹ mọ́. Nígbà tí ó bá wú jù, á já. Apá kan á bá èérún lọ, apá kan á lẹ̀ mọ́ ara iṣẹ́. Ìyẹn ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ tí a rí lára ọ̀pá arákùnrin wa.

BÍ BÀBÁ ṢE MỌ̀

Ẹ̀yin náà ti lè mọ̀ ọ́n báyìí. Èérún tí Bàbá ṣa nílẹ̀ nípọn jù, ẹ̀gbẹ́ tí ó yẹ kí ó máa dán ti ya, èkúrú irin sì lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri. Irú ẹ̀kẹta ni. Orí ọ̀bẹ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀bẹ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni a fi ń gé idẹ, nítorí bí orí rẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ jù, idẹ á fà á wọlé lójijì. Ohun tí arákùnrin wa kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ dára fún idẹ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé irin rírọ̀ ní òfin tirẹ̀.

Bàbá lọ ọ̀bẹ náà tún, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí igun 15. Ó wá béèrè iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Arákùnrin wa ní 60 ni, nítorí pé òun kò fẹ́ kí ọ̀bẹ bàjẹ́. Bàbá fi gègé ṣe ìṣirò sára ògiri. Ọ̀bẹ irin high-speed steel lè gé irin rírọ̀ ní nǹkan bí mítà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 50 mìlímítà ń gba 157 mìlímítà ní yíyí kan. Ẹ fi 157 pín 30,000, ẹ ó rí 191. Níbi tí ó yẹ kí ẹ̀rọ ti yí tó 190, 60 ni ó ń yí. Ìfarabalẹ̀ tí ó ṣe nítorí ọ̀bẹ gan-an ni ó ń ba ọ̀bẹ àti iṣẹ́ jẹ́.

Wọ́n tún da epo tí a pò mọ́ omi, èyí tí ó funfun bíi wàrà, sí ibi tí èérún ti ń kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ara irin jáde, ó jọ̀lọ̀, ó ń dán. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró tí ó bá wa lọ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀.

ṢÙGBỌ́N Ẹ ṢỌ́RA O

Inú wa kò tí ì dùn tán nígbà tí èérún náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde gbọọrọ bí ọ̀já, ó ń wé mọ́ ọ̀pá, ó ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan na ọwọ́ láti fà á kúrò. Bàbá pariwo, ó sì pa ẹ̀rọ. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ han ọmọ náà, àpá kan gba ibẹ̀ kọjá láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Ọmọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí irú èyí fa ọwọ́ mi. Mo dúpẹ́ pé ìka mi kò bá a lọ."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sétí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Etí èérún irin mú bí abẹ, ó sì gbóná. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó kó o. Ẹ fi ìkọ́ irin tàbí búrọ́ọ̀ṣì kó o, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ohun tí ó ń yí, nítorí bí ó bá mú ìbọ̀wọ́, á mú ọwọ́ pẹ̀lú. Ẹ wọ awò tí ó ń dáàbò bo ojú, pàápàá bí ó bá jẹ́ idẹ tàbí irin dídà tí ó ń ta wẹ́wẹ́. Ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ èérún dànù.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ọ̀bẹ, ó sì jẹ́ kí ọ̀bẹ máa rìn síwájú díẹ̀ sí i. Èérún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wẹ́wẹ́ sínú àwo.

ÀWỌ̀ ÈÉRÚN

Bí eré gígé bá ga, púpọ̀ jù lọ nínú ooru ni èérún ń gbé lọ, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ lára ọ̀bẹ. Ara irin tí ó gbóná dé nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí koríko gbígbẹ. Bí ó bá dé nǹkan bí 300, á di búlúù. Bí ẹ bá ń lo ọ̀bẹ carbide láìda epo sí i, èérún búlúù kì í ṣe ohun ìjayà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ yín bá jẹ́ high-speed steel, tí èérún tí ó ń funfun láàárọ̀ bá ṣàdédé ń di búlúù lọ́sàn-án, tí ẹ kò sì yí nǹkan kan padà, ẹnu ọ̀bẹ ti kú nìyẹn. Ẹ dúró, kí ẹ lọ ọ́.

OWÓ TÍ ẸLÒMÍRÀN TI SAN

Ìmọ̀ yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1880, ní ilé-iṣẹ́ irin Midvale ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Frederick Winslow Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í dán gígé irin wò. Ọdún 26 ni ó fi ṣe é. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ irin tí ó wúwo ju 800,000 pọ́ùn lọ di èérún, ìdánwò tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì wà láàárín 30,000 sí 50,000. Wọ́n rí i pé bí a bá da omi púpọ̀ gan-an sí ibi tí èérún ti ń kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ, a lè fi 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré gígé. Òun àti Maunsel White ni wọ́n gbé ọ̀bẹ high-speed steel jáde. Nígbà ìpàtẹ ńlá ní Páríìsì ní 1900, àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, tí ó sì ń gé irin lọ láìdúró. Ní 1906 ni Taylor ka àbájáde gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn ti náwó, ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ sí i. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí àwa bá tún fi owó ẹ̀yáwó kọ́ ọ ní àkọ́túnkọ́.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

1. Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó béèrè irú irin tí oníṣẹ́ ti kọ́ rí kí ó tó yá a lówó ẹ̀rọ, kí a sì fi àgbà oníṣẹ́ kan tì í fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́.

2. Kí àwọn oníṣẹ́ irin nínú ẹgbẹ́ kan máa jọ ra ọ̀bẹ àti epo ẹ̀rọ. Ọjà àrapọ̀ dínwó ju ọjà ẹyọ lọ.

3. Kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ó kọ irú irin, ìdábùú, iye yíyí àti irú èérún tí ó rí sí.

4. Kí a má ṣe da èérún pọ̀. Idẹ lọ́tọ̀, bàbà lọ́tọ̀, alumíníọ̀mù lọ́tọ̀, irin lọ́tọ̀. Èérún idẹ tí irin ti wọ̀ kò ní mú owó gidi wá. Bí ẹgbẹ́ bá kó èérún mímọ́ jọ, tí ó sì tà á pọ̀, owó kékeré náà á di àjẹṣẹ́kù.

Ní ti arákùnrin wa, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó ti pè é ní olè nínú ìgbìmọ̀ ti lọ bá a nílé, wọ́n sì tọrọ àforíjì. A kọ èyí sílẹ̀ nítorí ó kù díẹ̀ kí a ba orúkọ ọmọlúàbí kan jẹ́ lórí ohun tí ó wà nílẹ̀ lójú gbogbo wa tí a kò mọ̀ ọ́n kà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí èérún fi ń kúrú ju ọ̀nà tí ẹnu ọ̀bẹ rìn lọ?

2. Ẹ̀gbẹ́ wo nínú èérún ni ó ń wà ní òde nígbà tí ó bá ká, kí sì ni ìdí rẹ̀?

3. Ọ̀pá irin rírọ̀ tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 25 mìlímítà wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí eré gígé bá jẹ́ mítà 30 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà mélòó ni ó yẹ kí ó yí? Ẹni tí ó bá rí nǹkan bí 382, ó gbà á.

4. Nínú iṣẹ́ tiyín, yálà aṣọ ni, pákó ni, tàbí gààrí, kí ni ohun tí ẹ ń gbá dànù tí ó lè sọ fún yín bí iṣẹ́ ṣe ń lọ?